Igbá Kan, Ìmọ́lẹ̀ Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Fi Èédú Ya Àwòrán

Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó, ẹ mú èédú, ẹ fa ìlà yípo ohun tí ẹ fẹ́ yà, ẹ fi ìka pa á, ẹ fi òmíràn kún un, ẹ tún pa á. Kó tó di wákàtí kan, gbogbo ìwé ti di eérú. Kò sí ibi tó dúdú dáadáa, kò sí ibi tó funfun mọ́. Igbá tó yẹ kó yọ ikùn síta wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá kọ́ àwòrán lọ́dọ̀ mi níbí ní Ọ̀yọ́ ló ti bá èédú jà báyìí, tí wọ́n sì ti gbà pé àwọn ò ní ẹ̀bùn. Mi ò gbà fún wọn. Bí ẹni ń lo pẹ́ńsù ni wọ́n ṣe ń lo èédú, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ìlà ni iṣẹ́ pẹ́ńsù. Iṣẹ́ èédú ni kó tẹ́ òkùnkùn sórí ìwé, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Igbá la máa yà, kì í ṣe ojú ènìyàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà bí Arinze Stanley tàbí Ken Nwadiogbu tí ẹ rí lórí Instagram ló fà yín wá, àwọn ojú ńláńlá tó dà bíi fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Bí imú ènìyàn bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i. Bí igbá bá yẹ̀ díẹ̀, igbá náà ni. Òjìji tó wà lára igbá ni ẹ máa bá pàdé lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Igbá kan tí wọn ò tíì fín. Ọ̀yọ́ la wà, igbá kò lè wọ́n wa. Ẹ wò ó ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin, tàbí kí ẹ bi àwọn afíngbá bóyá wọ́n ní èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ má ra igbá fínfín fún iṣẹ́ yìí. Ọnà ara rẹ̀ ni ojú yín á máa tẹ̀ lé, ẹ ò sì ní rí bí ara igbá ṣe yí.

Èédú, tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ìwé tí ara rẹ̀ rí gbàràgbàrà díẹ̀. Pátákó tó fẹ̀ ju ìwé náà lọ, pẹ̀lú téèpù. Ìwé ìròyìn àtijọ́. Àkísà òwú tó mọ́, méjì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀. Èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun páúdà dára gan-an. Ìrésà, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní kílínà, àti búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì.

Oríṣi èédú mẹ́ta ni ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀. Èédú ẹ̀ka ni àkọ́kọ́: ẹ̀ka igi tín-ín-rín tí wọ́n sun nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ní òkè òkun, ẹ̀ka àjàrà tàbí ti igi willow ni wọ́n sábà ń lò. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, àkísà lásán lè gbá a kúrò lórí ìwé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni èédú àtẹ̀pọ̀. Wọ́n lọ èédú kúnná, wọ́n pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ di ọ̀pá. Ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀, àmọ́ kì í fẹ́ kúrò lórí ìwé mọ́. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ki bọ inú igi bíi pẹ́ńsù, fún ibi tóóró. Ẹ̀ka ni ẹ máa lò jù. Àtẹ̀pọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Ẹ̀kẹta lè dúró.

Èédú ìdáná tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ògùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣa á nídìí ààrò, tí wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ó ń fa ìwé ya. Igi líle ni wọ́n fi ń sun ún kó lè pẹ́ nínú iná, líle yẹn náà ló ń ha ìwé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sun èédú yín

Bí ẹ bá rí èédú ẹ̀ka rà, ẹ fo ibí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní igi gúáfà tàbí máńgòrò lẹ́yìnkùlé kò nílò láti náwó.

Ẹ gé ẹ̀ka tó tọ́, tó nípọn bíi pẹ́ńsù tàbí bí ìka kékeré. Ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ sá a títí á fi gbẹ, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ẹ̀gẹ́ kò dára fún un: inú rẹ̀ rí bíi fóòmù, èédú rẹ̀ á máa fọ́ sí yín lọ́wọ́.

Ẹ wá agolo tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin. Ẹ jù ú síná lófìfo lẹ́ẹ̀kan níta, kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán. Ẹ to ẹ̀ka sínú rẹ̀ ní òró, kó há dáadáa. Àlàfo tó pọ̀ jù túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan sí ìdérí. Ihò kan péré. Bí kò bá sí ihò, èéfín tó há sínú lè fi agbára já ìdérí náà dànù. Bí ihò bá pọ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, eérú ni ẹ máa bá. Ẹ fi wáyà de ìdérí náà kó má ṣí.

Ẹ gbé e sáàárín iná igi, níta gbangba. Èéfín funfun á kọ́kọ́ jáde látojú ihò. Omi ara igi nìyẹn. Lẹ́yìn náà á nípọn, á sì lè gbiná lójú ihò náà bí ìtànná àbẹ́là. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi ọwọ́ kàn án. Ìgbà tí èéfín bá dáwọ́ dúró ló jinná. Pẹ̀lú iná tó múná, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan.

Ibi tí wọ́n ti sábà ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ fi ẹ̀mú gbé agolo náà jáde, ẹ fi amọ̀ tútù dí ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èédú tó gbóná tí afẹ́fẹ́ bá bà á tún máa gbiná ni. Mo ti pàdánù agolo kan odindi báyìí: mo ṣí i lálẹ́ nítorí pé òde agolo náà ti tutù, inú rẹ̀ sì ń pọ́n rẹrẹ. Kí n tó bu omi dé, gbogbo rẹ̀ ti di eérú.

Àyẹ̀wò: ẹ dá ọ̀kan sí méjì. Ó gbọ́dọ̀ dúdú láti èèpo dé inú, kó sì dún gbẹ bí ẹni dá ìgò tín-ín-rín. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rí bí àwọ̀ igi, kò jinná. Ẹ dá a padà sínú agolo. Ẹ fà á sórí ìwé, kí ẹ fi àkísà nù ún. Bó bá kúrò tó sì ṣẹ́ kù bí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ti ní èédú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé àti ìjókòó

Ìwé tí wọ́n fi ń ṣe fotokọ́pì ń yọ̀ jù. Èédú kò rí ibi dì mú, ó kàn ń rìn lórí rẹ̀ ni. Ẹ ra káádíbọ́ọ̀dù pépà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, ẹ fọwọ́ pa ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ lo ojú tó gbàràgbàrà jù. Ẹ gé e tó ìwọ̀n A3, ìyẹn 42 sẹ̀ǹtímítà níbùú pẹ̀lú 30 lóròó tàbí díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá lo ìwé kékeré á padà sí ọ̀nà pẹ́ńsù láìmọ̀. Abala inú àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbọn dáadáa náà dára, àwọ̀ rẹ̀ sì wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ṣọ́ọ̀kì funfun fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn di àwòrán kejì tàbí ìkẹta.

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn mẹ́rin sórí pátákó kí ẹ tó lẹ ìwé yín mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú igi pátákó á máa yọ sínú àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pátákó náà nàró sára ẹ̀yìn àga, kí ẹ má tẹ́ ẹ sórí itan. Tó bá nàró, eruku èédú á máa bọ́ sílẹ̀ dípò kó jókòó sórí iṣẹ́, ẹ ó sì máa rí gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan.

Àyẹ̀wò: ẹ fi èédú pa ibì kan ní igun ìwé, kí ẹ wá fi ìka ta ẹ̀yìn pátákó lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀ á bọ́. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ bá bọ́, ìwé yẹn kò dára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọwọ́, àti àpótí márùn-ún

Ẹ ṣẹ́ èédú kékeré kan tó gùn tó oríkèé ìka méjì. Ẹ má mú un bíi bírò. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an máa kan ìwé. Láti èjìká ni kí ọwọ́ ti máa rìn, kì í ṣe láti ọrùn ọwọ́.

Ẹ ya àpótí márùn-ún sórí ìwé kan, 4 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: ẹ má fọwọ́ kàn án, funfun ìwé ló máa jẹ́. Ìkarùn-ún: ẹ fi àtẹ̀pọ̀ pa á títí tí kò fi ní lè dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe ìkẹta, kó wà láàárín gbùngbùn àwọn méjèèjì. Ìkejì àti ìkẹrin ló kù.

Ẹ má fi ìka pa èédú. Mo mọ̀ pé bó ṣe ń wu gbogbo ènìyàn nìyẹn. Òógùn àti òróró wà lára ìka, pàápàá lẹ́yìn àkàrà àárọ̀, ibi tí ó bá sì kàn lórí ìwé á di àpá tí ìrésà kankan kò ní lè yọ. Àkísà ni kí ẹ lò, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Èédú tí wọn ò tíì nù máa ń ní ẹ̀mí. Èyí tí wọ́n nù ní ìgbà mẹ́wàá á kú sórí ìwé.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé e jìnnà ní mítà méjì, kí ẹ di ojú yín díẹ̀ bíi ti ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lójú. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ka márùn-ún. Bí ẹ bá ka mẹ́rin, méjì ti dàpọ̀. Ẹ tún un ṣe. Ẹ tọ́jú ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, a máa lò ó títí dé òpin.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí kò ní ọnà sórí tábìlì, kí ẹ dojú igbá dé sórí rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé tó wà lápá òsì, ẹ ti àwọn yòókù, ẹ ta kọ́tìnnì bò wọ́n. Oòrùn kò gbọdọ̀ já lu igbá náà tààrà, torí pé ó máa ń sún, òjìji á sì máa bá a sún. Lálẹ́, ẹ gbé iná tí wọ́n ń ṣáàjì sápá òsì, kó ga ju igbá lọ, kó sì jìnnà tó mítà kan. Bí NEPA bá mú iná dé láàárín iṣẹ́, ẹ pa gílóòbù òkè.

Àyẹ̀wò: ẹ ka òjìji tí igbá jù sórí tábìlì. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ń wọlé níbì kan. Ẹ wá a rí kí ẹ tó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Apá méjì péré

Ojú lọ̀rọ̀ wà, níbí gan-an. Ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ọ̀pá èédú wọn gíga igbá, kí ẹ wá wò ó pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni gíga yẹn wọ inú ìbú rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ ká. Ẹ fi àmì fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sórí ìwé: òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. Ẹ má fa ìlà so wọ́n pọ̀.

Ẹ tún di ojú díẹ̀. Gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ á pòórá, á sì ku apá méjì: èyí tí ìmọ́lẹ̀ bà, àti èyí tí kò bà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ èédú ẹ̀ka tẹ́ apá tí kò bà, ara igbá àti òjìji orí tábìlì lápapọ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n. Àpótí ìkẹta ni kí ó dà bí. Ẹ má ṣe é dúdú jù báyìí, torí ẹ ṣì máa sún un sókè sódò.

Àyẹ̀wò: ẹ fi fóònù ya igbá ní fọ́tò aláìláwọ̀, dúdú àti funfun nìkan, ẹ ya ìwé yín náà. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí apá òkùnkùn méjèèjì bá jọra ní ìrísí, ẹ máa lọ. Bí wọn ò bá jọra, àkísà á gbá a kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ronú pé ẹ ó tún un ṣe tó bá yá. Kò sí ẹni tí mo rí tó rí i tún ṣe tó bá yá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó wà nínú òkùnkùn

Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú yín rìn lórí igbá láti apá fèrèsé lọ sí apá kejì. Ibi tó dojú kọ fèrèsé ló mọ́ jù. Bí ara igbá ṣe ń yí kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ò fi lè tọ́ka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò lè dé mọ́, ó máa rí bí ìgbànú dúdú tó gba ara igbá kọjá.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé láti ìgbànú yẹn dé etí igbá, ṣe ló ń dúdú sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wò ó. Aṣọ funfun orí tábìlì gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń ta díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sára igbá. Nítorí náà, etí igbá lápá òkùnkùn mọ́ ju ìgbànú lọ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àtapadà yẹn ló ń sọ fún ojú pé ara igbá ń yí lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi dúdú bò ó ti tẹ igbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ó máa ń dìde lórí àga, torí pé kò rí i rí láyé, bẹ́ẹ̀ igbá sì wà nílé wọn láti kékeré rẹ̀.

Ẹ fi èédú kún ìgbànú náà títí á fi súnmọ́ àpótí ìkẹrin sí ìkarùn-ún. Etí òkùnkùn dúró sí ìkẹrin. Ẹ fi àkísà tó mọ́ fà ojú ìgbànú sápá ìmọ́lẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè yọ́ wọnú àpótí ìkejì.

Òjìji orí tábìlì ló kàn. Ibi tí ẹnu igbá ti kan aṣọ ló dúdú jù nínú gbogbo àwòrán. Ẹ mú àtẹ̀pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan. Etí òjìji náà mú nítòsí igbá. Bó ṣe ń jìnnà ló ń rọ̀, tó sì ń mọ́ sí i. Bí ẹ bá ṣe etí rẹ̀ bákan náà yíká, ó máa dà bí ihò tí wọ́n gé sí aṣọ.

Báwo wá ni etí igbá lápá ìmọ́lẹ̀ ṣe máa hàn láìsí ìlà? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ máa ṣú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ èédú tẹ́ àpótí ìkẹta sí ògiri ẹ̀yìn igbá ní apá yẹn, kí funfun igbá lè yọ jáde sí i. Lápá kejì, ẹ jẹ́ kí ògiri mọ́ díẹ̀. Ibì kan lè wà tí igbá àti ògiri á ti ní àwọ̀ kan náà, tí etí á sì sọnù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó á parí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé àpótí márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín. Ìmọ́lẹ̀ àtapadà kò gbọdọ̀ mọ́ tó ibi tó ṣú jù lápá ìmọ́lẹ̀. Bó bá mọ́ tó o, igbá á dà bíi páànù tí wọ́n fi àwọ̀ kùn.

Ìgbésẹ̀ 7: Búrẹ́dì

Kí rọ́bà ìparẹ́ tó dé, búrẹ́dì ni àwọn ayàwòrán ń lò, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ lo àárín búrẹ́dì àná, èyí tí kò ní bọ́tà. Ti òní máa ń lẹ̀ jù. Ẹ fún un di róbótó, ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ ibi tó mọ́ jù lórí igbá, kí ẹ gbé e kúrò. Títẹ̀ ni, kì í ṣe fífà. Bó bá ti dúdú, ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíràn. Ìrésà wà fún àyíká ìwé nìkan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún búrẹ́dì kúrò, kí èèrà má bàa bá yín jókòó.

Àyẹ̀wò: ibi tó mọ́ jù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi àkísà tó ní èédú díẹ̀ pa àwọn yòókù kú.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí ó má bàa ṣí

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku náà. Itọ́ á ta sórí ìwé, eruku á sì wọ imú yín. Ẹ gbé pátákó síta, kí ẹ ta ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Bí ẹ bá rí fixative rà, ìyẹn oje inú agolo tí wọ́n ń fín sórí àwòrán kí èédú lè dì mọ́ ìwé, ẹ fín in níta ní ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí ó máa gbẹ láàárín. Fífín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó pọ̀ á mú kí èédú ṣàn. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́, torí eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ń lo síprè irun. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ ìwé di pupa rúsúrúsú tó bá pẹ́. Ẹ dán an wò lórí àpótí márùn-ún kí ẹ tó lò ó. Ẹ má kó iṣẹ́ èédú sínú náílọ́ọ̀nù, torí náílọ́ọ̀nù máa ń fa eruku náà mọ́ra. Ìwé funfun ni kí ẹ tẹ́ lé e lórí, kí ẹ má sì ká a.

Àyẹ̀wò: ẹ fi òwú tó mọ́ kan igun kan níbi tó ṣú. Bí òwú bá ṣì dúdú púpọ̀, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tábìlì kan náà àti fèrèsé kan náà, ẹ yí igbá náà sójú, kí inú rẹ̀ máa wo òkè, kí ẹ tún un yà. Ẹ ó rí i pé òkùnkùn inú rẹ̀ ti ṣí lọ sí apá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì ti bọ́ sí apá kejì.